Àpótí Abẹ́ Ẹni Tó Ń Sùn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń bá mi padà sílé: kí ló dé tí ẹni tó kan ọkọ̀ ojú omi, níbi tí àyè ti ṣọ̀wọ́n ju owó lọ, fi gbé ẹnu àpótí ẹrù sí abẹ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń sùn? Káfíńtà ni mí ní Ìlọrin. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sawmill. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn ni mo fi ń jẹun. Odò Àsà tó la ìlú wa kọjá kì í gbe ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò sì kàn mí títí di ọdún yìí.

Àbúrò mi ló fà mí wọ̀ ọ́. Ìlú Ọba ló ń gbé, ó sì ra ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ kan, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi fáíbà ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1979. Èbúté ló máa ń so ó mọ́. Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ á lọ sùn sínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fàájì lọ́hùn-ún nìyẹn, èmi ò bá wọn jiyàn. Ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ báyìí: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹrù wa ló wà lábẹ́ ibi tí à ń sùn. Tí mo bá fẹ́ mú súwẹ́tà kan ṣoṣo lóru, ìyàwó mi á dìde, a ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, a ó gbé fóòmù dúró, a ó ṣí pátákó, ká tó wá máa fọwọ́ wá a kiri nínú òkùnkùn. Ẹ sọ bí mo ṣe máa ṣe dúrọ́ọ̀ sí i fún mi."

## Ẹni tó kàn án kò gọ̀

Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Iwájú ọkọ̀ ni ibùsùn náà wà, níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ ti ń sún mọ́ra títí tí wọ́n fi pàdé. Nítorí náà, ó rí bíi lẹ́tà V: ẹsẹ̀ àwọn tó sùn wà ní ibi tóóró, orí wọn wà ní ibi tó fẹ̀. Pátákó plywood ni wọ́n tẹ́, wọ́n sì fi fáíbà lẹ etí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ yíká. Ojú pátákó yẹn ni wọ́n gé ihò sí, wọ́n fi ọmọrí dé e, ọmọrí tí ihò ìka kan wà láàárín rẹ̀. Fóòmù wá lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Mo fi àwòrán náà sílẹ̀ sórí fóònù, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín iṣẹ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹni tó kan ọkọ̀ náà rò. Ọmọrí tó dùbúlẹ̀ kò béèrè híńjì, kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ẹni tó sùn lé e ti tó láti tì í pa. Ọkọ̀ onígbòkun kì í sì í dúró ṣánṣán lójú omi. Bí atẹ́gùn bá ti gba inú ìgbòkun, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Dúrọ́ọ̀ ilé wa tí à ń fi ìka méjì fà, tí ẹ bá gbé e sínú ilé tó ń fì bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló máa tú ẹrù inú ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀ inú ọkọ̀ fi máa ń ní eyín kékeré kan lábẹ́: àfi kí èèyàn gbé e sókè díẹ̀ kó tó lè fà á. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn náà ní láti ní ìdè gidi. Mágínẹ́ẹ̀tì tí à ń fi sí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná níbí, ìgbì kan péré ló máa já a.

Ọ̀rọ̀ okun náà tún wà níbẹ̀. Pátákó tó dúró lóòró ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, èyí tí àbúrò mi fẹ́ gé ihò dúrọ́ọ̀ sí, òun ló gbé ibùsùn dúró, ó sì ń ran ara ọkọ̀ lọ́wọ́ kó má máa wọlé wọ̀de nígbà tí omi bá ń lù ú. Gbogbo ihò tí a bá gé sí i, okun la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé tó bá máa gé e rárá, kó fi igi tó tó íǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ yíká, kó sì má jẹ́ kí igun kankan mú. Ibi tí igun bá ti mú ni igi ti máa ń là. Ẹ wo ògiri ilé yín, igun fèrèsé ló ti máa ń sán lọ sókè.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀. Onígun mẹ́rin ni dúrọ́ọ̀, ara ọkọ̀ kì í sì í ṣe onígun mẹ́rin. Bó ti ń lọ sísàlẹ̀ ló ń yọ́ wọnú. Dúrọ́ọ̀ tó bá gùn tó ti òkè, ìdí rẹ̀ á gbá ara ọkọ̀ nísàlẹ̀. A ó wá dín in kù títí tó fi máa wọlé, gbogbo àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ á sì di ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní dé mọ́ láéláé. Ẹni tó ń wá bí ẹrù ṣe máa sún mọ́ ọn á wá fi owó ara rẹ̀ kan ibi àìdé tuntun. Mo ṣàlàyé èyí fún un. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá ní kí ẹ bá mi ṣe nǹkan, ìdí tí kò fi ṣeé ṣe lẹ máa kọ́kọ́ sọ." Irọ́ kọ́ ló pa mọ́ mi ṣá.

## Alẹ́ tí a pa iná

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó pè mí kí n lè rí ojú rẹ̀. Fáráńdà ni mo jókòó sí, tẹ̀súbà mi wà lọ́wọ́. Ó ti kó gbogbo ẹrù orí ibùsùn kúrò, ó ṣí ọmọrí, ó sì na tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò kí n lè wo ibi tí yóò gé.

Mo rí àpò ìgbòkun tó tóbi bí àgbò. Mo rí bàtà òjò, àpótí irinṣẹ́, páálí Indomie, ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà méjì tí wọ́n rún mọ́ra. Ó ń fi ọwọ́ kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ìsàlẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ara ọkọ̀ ti yọ́ wọnú, irin pupa kan wà tó ní ọwọ́ bíi ti ẹ̀rọ omi, rọ́bà nípọn kan wọ̀ ọ́ lórí, òrùka irin kéékèèké méjì sì fún rọ́bà náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú mi kò dúró sí irin. Igi kan ni mo rí. Ẹnì kan ti fá a ṣóńṣó, ó fi okùn so ó mọ́ ọrùn irin yẹn.

Mo bi í pé igi kí nìyẹn. Ó ní ti fáàfù ni. Ihò kan wà lára ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ ojú omi, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ń gbà tu omi sóde. Fáàfù yẹn ni wọ́n fi ń ṣí i, òun ni wọ́n fi ń tì í. Bí rọ́bà bá já, fáàfù ni èèyàn máa sáré tì. Bí fáàfù fúnra rẹ̀ bá kán, igi ṣóńṣó yẹn ni wọ́n máa fi òòlù gbá wọnú ihò. Igi rírọ̀ ni, tó bá ti mumi, á wú, á sì dí ihò náà pinpin. Ká sòótọ́, inú mi dùn. Nínú gbogbo fáíbà àti irin tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yẹn, igi ni wọ́n sá tọ̀ níkẹyìn.

Inú dídùn náà kò pẹ́. Mo bi í bí ihò yẹn ṣe fẹ̀ tó. Ó ní íǹṣì kan ààbọ̀, pé ó sì wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀ ojú omi. Ihò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ní irú ibi tó jìn bẹ́ẹ̀, omi tó ju lítà 100 lọ ló máa gba ibẹ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi ní Ìlọrin mọ ohun tí mò ń sọ: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, ó sì tún lé.

Mo ní, "Bí rọ́bà yẹn bá já lóru ńkọ́?"

Ó ní, "Mo máa tì í ni, Bọ̀dá."

Mo ní, "Ó dáa. Dá gbogbo ẹrù yẹn padà bó ṣe wà. Kí ìyàwó rẹ dùbúlẹ̀ sí àyè ẹ̀, kí ìwọ náà dùbúlẹ̀. Pa iná. Wá tì í kí n gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ojú fóònù mi ṣókùnkùn, ohùn nìkan ló kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbà. Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bi í pé kí ló ń wá, mo gbọ́ tó ń ní kó sún, mo gbọ́ tí fóòmù ṣubú padà lé e lọ́wọ́. Kò tètè rí ihò ìka. Nígbà tó rí i, ọmọrí há, ó ní ọ̀rinrin ti mú kó wú. Ó yọ ọ́. Ó fa àpò ìgbòkun jáde, àpò náà sì jókòó sí ojú ọ̀nà, kò síbi tó lè gbé e sí, nítorí ibi tó yẹ kó gbé e sí ni ìyàwó rẹ̀ dúró lé. Ohun kan dà sílẹ̀ gbàlàgbàlà, mo rò pé àpótí irinṣẹ́ ni. Mo ti fa ẹyọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tẹ̀súbà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó tó sọ pé, "Ọwọ́ mi ti bà á."

Kẹ́ẹ̀gì méjìlá ti wọlé nígbà yẹn, kò tíì tì í.

Ó tan iná. Ó jókòó sórí àpò ìgbòkun, ó ń mí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un kó gé e lọ́la." Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ dúrọ́ọ̀ mọ́.

## Wákàtí tí a ó wá a

Títí di ìgbà yẹn, bí ẹrù ṣe tóbi tó ni àwa méjèèjì fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Súwẹ́tà ńkọ́, bàtà ńkọ́, mélòó ló máa wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mi náà ń ṣe: wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á ní "àpótí tó tó báyìí." Lẹ́yìn alẹ́ yẹn ni mo rí i pé wákàtí tí a ó wá nǹkan ló yẹ kó sọ ibi tí ẹnu àpótí rẹ̀ máa wà. Ohun tí a ń wá lọ́sàn-án, pẹ̀lú sùúrù, ó lè wà lábẹ́ fóòmù. Ohun tí a ń wá lóru, tí ọkàn ń lù kìkì, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ó tún kọjá ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbọ́n máa ń ti irú fáàfù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nínú ọkọ̀, wọ́n sì máa ń yí i síwá sẹ́yìn lóòrèkóòrè kó má baà dì. Fáàfù tó jẹ́ pé àfi ká kó ẹrù ilé kan jáde ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ló máa yí i? Ọdún á yí po, kò ní sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá nílò rẹ̀, á ti di òkúta. Ibi àìdé kì í kàn ń dá ọwọ́ dúró; ó máa ń pa ìwà rere tó yẹ ká hù. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀lẹ ni ẹni tí kì í ti fáàfù rẹ̀, mo lè bá a gbà, ṣùgbọ́n mo máa bi í léèrè pé ta ló kọ́kọ́ fi í há abẹ́ ibùsùn.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. A gé ilẹ̀kùn kékeré kan sí pátákó òòró, ní ọ̀gangan fáàfù náà gẹ́lẹ́, kí ọwọ́ àti èjìká lè wọlé. Èèyàn lè kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kó ṣí i láìjí ẹni tó sùn. Agolo mílíìkì ló fi fa ìlà igun rẹ̀ kó lè rí róbótó. Èyí tó gé jáde náà ló padà fi ṣe ilẹ̀kùn, kó má baà na owó sórí pátákó mìíràn. Mo ní kó fi híńjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó lè ṣubú kúrò lọ́nà tó bá ṣí, ìdè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ìka kan lè yí nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà, kó fi epoxy, àtè líle tí omi kì í wọ̀, kun gbogbo etí tó gé, kó kùn ún, kó tún un kùn. Etí ni plywood ti ń mumi, kì í ṣe ojú. Ẹni tó bá ti rí ìdí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó wú ní Ìlọrin níbí kò nílò àlàyé.

Ọmọrí òkè, a pín in sí méjì, ìyàwó rẹ̀ sì pín fóòmù náà, ó rán ìbòrí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ súwẹ́tà lè ká ìdajì tirẹ̀, kí ẹnì kejì máa sùn lọ. A lu ihò wínníwínní sí pátákó kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ fóòmù. Ó ní àárọ̀ wọn máa ń tutù débi pé èémí àti ooru ara àwọn tó sùn á di omi lábẹ́ fóòmù, á sì hu èébu. Èyí yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni wàhálà tiwa: igi tí a bá rà nígbà òjò, ọyẹ́ á gbẹ ẹ́, gbogbo oríkèé rẹ̀ á yọ àlàfo.

Àwọn ẹrù wíwúwo kúrò níwájú lọ sí àárín ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ tí imú rẹ̀ bá wúwo á máa rì wọ inú ìgbì. Ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà méjèèjì ni mo ní kó kọ́kọ́ gbé jáde, kó fi wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fò lọ sí Patigi. Gbogbo wa ní Kwara la rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dà nù lórí Odò Ọya, tí ẹ̀mí tó ju 100 lọ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ti wà lẹ́nu ìjọba àti aráàlú láti ìgbà náà. Pínpín rẹ̀ dára. Èmi tí mo ń kan àpótí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń pín in tún béèrè ni pé: níbo ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí nínú ọkọ̀, ta sì ni ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibẹ̀?

## Àlájà Pákátà

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí orí omi. Àlájà kan ní Pákátà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo bẹ́ẹ̀dì òun. Kì í ṣe èmi ló kàn án, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dára ni, pákó ọ̀gànwó tó dán. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpótí odindi, pátákó kan ṣoṣo ló sì dé e láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ òfì Àlájà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ àti èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ dá fún un, tòun ti káńfọ̀, góòlù àti ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun ìyá náà, kò lè gbé fóòmù, ká má tíì wá sọ ti pátákó. Tí ayẹyẹ bá dé, àfi kó dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì kó wá ṣí i. Ọmọ náà kò sì mọ èyí tó jẹ́ sányán nínú wọn tàbí èyí tó jẹ́ àlàárì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àpótí yẹn ń béèrè ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò lè ṣí i, ẹni tó lè ṣí i kò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Mi ò kì í wọ̀ wọ́n mọ́," Àlájà sọ fún mi. "N ò lè máa da ọmọ ọlọ́mọ láàmú torí aṣọ."

Mo sọ fún un pé kò le, pé mo máa gé ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó lè máa jókòó sórí àga kó fà á. Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, ṣé kò ní rọ olè náà lọ́rùn?"

N kò lè fọwọ́ rọ́ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa, ìdí gan-an tí wọ́n fi ń kó góòlù sábẹ́ fóòmù ni pé ibẹ̀ nira dé. Ara wọn ni kọ́kọ́rọ́. Ní ilé wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo, bẹ́ẹ̀dì onírin tó ga nílẹ̀ ni ìyá mi ń sùn lé, pọtimáńtò rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ kó fà á jáde. Ṣùgbọ́n irin ìdí rẹ̀ máa ń ha sìmẹ́ńtì, á ké wàì, gbogbo ilé á gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣí àpótí Ìyá. Bí mo ṣe ń rò ó, ó jọ pé bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ yẹn sàn ju ọ̀pọ̀ èyí tí à ń kàn lónìí lọ: ó rọ ẹni tó ni ín lọ́rùn, ó sì ń fẹjọ́ sun ẹni tí kò ni ín. A fi pákó dí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì délẹ̀ kó lè lẹ́wà lójú àlejò, a wá fi ẹ̀yìn ìyàwó ilé san owó ẹwà náà. Ọkọ ló sábà máa ń wá fún mi ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò tíì rí ọkọ tó ń gbé fóòmù láti wá kúlà àríyá.

Ibi tí èmi àti Àlájà padà parí rẹ̀ sí nìyí. Mo gé ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́, ní ìhà ẹsẹ̀, fún aṣọ àti ohun tó ń lò. Mo fi pákó dá inú àpótí náà sí méjì, ìhà orí kò sì lẹ́nu mìíràn ju ti òkè lọ, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Góòlù àti ìwé ilẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ohun ìpamọ́ lọ́tọ̀, ohun àmúlò lọ́tọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní nínú ọkọ̀ tiwọn kò sí ohun tí òun fẹ́ fi pamọ́ fún olè àfi pákì Indomie.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ní ìwúlò mìíràn tí n kò kọ́kọ́ kà sí. Àpótí tí à ń ṣí lójoojúmọ́, ikán kì í ráyè rẹ̀. Ìgbà tí mo tú ìhà orí bẹ́ẹ̀dì Àlájà, ikán ti fa ìlà yẹ̀pẹ̀ láti ògiri dé ìdí pákó, ó ku díẹ̀ kó dé ibi ìwé ilẹ̀. Ojú kò rí i nítorí ọwọ́ kò dé ibẹ̀.

## Kí n tó na téèpù

Báyìí, kí n tó wọn bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni, mo máa ń béèrè pé ta ló máa ṣí i, kí ló sì máa wá níbẹ̀ lóru. Àwọn kan máa ń rò pé mo fẹ́ tọpinpin ilé àwọn. Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ẹ sáà ṣe bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ oru kò kàn yín." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tanke kò tilẹ̀ ní àkókò fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú, tí wọ́n lè tú palẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kó kúrò nílé. N kò dá wọn lẹ́bi, owó ilé ti gbọ́n wọn lápò gbẹ.

Fún irú wọn, mo kì í gé ẹ̀gbẹ́ rárá. Pátákó òkè ni mo máa ń pín, ìdá kan sí ìhà etí tí ọwọ́ tètè ń dé, ìdá méjì sí ìhà ògiri. Ibi tí mo bá ti pín in ti pàdánù okun, nítorí náà mo máa ń na igi kan kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí pátákó má baà tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ọ̀rẹ́ wá jókòó. Igi kan, híńjì gígùn kan, iṣẹ́ tí kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹni tó bá sọ pé owó híńjì ti pọ̀ jù, mo máa ń lu ihò ìka méjì sí i, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ méjèèjì lè gbé e. Ihò ẹyọ kan láàárín ni n kì í lù fún ẹnikẹ́ni mọ́.